Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àkọlé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ wá síwájú wa. Ó ní òun fẹ́ yẹ ọgbọ́n ìsọ̀tàn wò nínú àwọn àwo orin ráàpù àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tó le jù nínú wọn, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní hardcore, tí èmi yóò máa pè ní ráàpù paraku nínú àròkọ yìí. Kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ mi fi dá a dúró. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé igbe àwọn ìpáǹle ni o fẹ́ fi gboyè?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dọ̀bálẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì lọ wá àkọlé mìíràn. Èmi náà jókòó níbẹ̀, n kò sì la ẹnu mi. Ìdákẹ́ ọjọ́ náà ló ń dùn mí títí di òní. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ ló bá mi dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ti ọmọlọ́mọ ni. Èsì tó yẹ kí n fọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ fọ̀ nísinsìnyí.

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n máa ń fi kan irú orin yìí. Èkínní ni pé ariwo lásán ni, pé kò sí ọgbọ́n ọ̀nà kankan nínú rẹ̀. Èkejì, tó wúwo jù, ni pé ìjẹ́wọ́ ọ̀daràn ni: pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú orin pé òun yìnbọn, pé òun ta oògùn olóró, ó ti jẹ́wọ́, kí wọ́n wá mú un. Bí ẹ bá wò ó fínnífínní, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ó rí i pé ẹ̀sùn méjèèjì ń bá ara wọn jà. Ohun tó jẹ́ ariwo lásán kò lè tún jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́. Síbẹ̀, ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì. Ìmọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ni n ó fi dá wọn lóhùn, nítorí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ apohùn nílé kò yẹ kó ṣì í gbọ́ lóko.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù August, ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Clive Campbell, tí ayé mọ̀ sí Kool Herc, lo àwo orin níbi àríyá kan tí arábìnrin rẹ̀ Cindy ṣe nínú ilé kan ní 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, ìlú New York. Ẹ̀rọ àwo méjì ló lò. Ibi tí ohùn àti fèrè bá ti dákẹ́ nínú orin, tó ku ìlù nìkan, tí ẹsẹ̀ àwọn oníjó sì ń gbóná, ibẹ̀ gan-an ló ń fà gùn: bí ti ẹ̀rọ ọ̀tún bá fẹ́ parí, ti òsì a gbà á. Lórí irú ìlù àyípo bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀.

Àdúgbò wo ni èyí ti ṣẹlẹ̀? Ìjọba ti la ọ̀nà márosẹ̀ ńlá kan, Cross Bronx Expressway, gba àárín ilé àwọn ènìyàn kọjá, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò nínú ilé wọn. Ní àwọn ọdún 1970, iná kò yéé jó ilé ní gúúsù Bronx. Ní 1975, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjọba ìlú New York dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń ti àwọn ilé-iṣẹ́ panápaná kan pa níbi tí iná ti ń jó. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sínú eérú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin yìí. Ìjókòó ìgbádùn ni púpọ̀ nínú ráàpù àkọ́kọ́ wà fún, ṣùgbọ́n ní 1982 ni Grandmaster Flash and the Furious Five gbé "The Message" jáde. Orin náà fi ojú àdúgbò hàn bó ti rí: ilé tó bàjẹ́, owó tí kò sí, ọmọ tí wọ́n bí tó kàn ń wo àwọn olówó èrú tó fi dàgbà, tó sì bá òpin rẹ̀ pàdé nínú ẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti fi ìsọ̀tàn ìgboro ṣe iṣẹ́. Ráàpù paraku ni iṣẹ́ ọ̀hún di.

Ẹ̀sùn kìíní wá ńkọ́, pé kò sí ọgbọ́n ọ̀nà? Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní àwọn ọmọ náà kò mọ orin kọ, pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn ń da sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé olùkọ́ Yorùbá lè sọ irú rẹ̀. Ṣé àwa kọ́ ni a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ geere, ọ̀tọ̀ ni ewì tí a ń sà, ọ̀tọ̀ ni orin tí a ń kọ? Ẹni tó bá ní ẹ̀sà egúngún kò dára nítorí pé kò dùn bí orin, ṣé a kò ní sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń gbọ́ ni? Àárín ọ̀rọ̀ àti orin ni ráàpù tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Ìlù ń lọ tirẹ̀. Apohùn ń sáré níwájú rẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń dá èémí dúró níbi tí a kò retí, ó sì ń balẹ̀ sórí ìlù gẹ́lẹ́ níbi tó wù ú. Bí ìró ìparí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń dáhùn ìparí èkejì nínú èdè wọn, iṣẹ́ àṣekára ni.

Ẹ wo Slick Rick. Nínú àwo tó gbé jáde ní 1988, orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Children's Story". Bí àlọ́ ni ó ṣe gbé e kalẹ̀: àwọn ọmọdé fẹ́ sùn, wọ́n ní kí àgbàlagbà ilé sọ ìtàn fún àwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ọmọkùnrin kan ni, tí ọ̀rẹ́ fà wọ olè jíjà, tó bá ọlọ́pàá sá eré títí tí ìbọn fi pa á. Ohùn àlọ́ jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ ni ó ń dẹ́rù bani. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lábẹ́ òṣùpá gbọ́ ìtàn Ìjàpá, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn olè ni a ń fi olè Ìjàpá pa. Kí ló dé tí ọmọ Bronx kò lè rí àǹfààní kan náà gbà lọ́wọ́ wa?

Tàbí ẹ gbé Illmatic sórí ẹ̀rọ, àwo tí Nas gbé jáde ní ọjọ́ 19 oṣù April, ọdún 1994, nígbà tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún. Ege 10 péré ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Queensbridge ni ó ti wá, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ afárá kan ní New York fún àwọn tí owó wọn kò tó, èyí tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí ibùgbé inú rẹ̀ lé ní 3,000. Nínú orin tó ń jẹ́ "One Love", lẹ́tà ló ń kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n. Ó ń fi tó ọ̀kan létí pé wọ́n ti bímọ fún un, pé ọmọ náà jọ ọ́. Ó ń bi í pé kí ló dé tí ìyàwó kò kọ̀wé sí i. Ó ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó dalẹ̀. Ní apá ìkẹyìn, lẹ́tà tán, òǹsọ̀tàn bá ọmọ ọdún 12 kan pàdé ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà ti le ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ohun tí ojú ọmọ náà ti rí sì ba òǹsọ̀tàn. Ó gbà á nímọ̀ràn bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wàásù, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe bí ẹni pé ìmọ̀ràn náà yóò tó. Ẹnikẹ́ni tó ti fi ìwé ìtàn àròsọ kọ́ni rí mọ̀ pé ibi tí òǹkọ̀wé ti mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́ ni a ti ń mọ ọ̀gá. Ìyẹn ni ẹlẹgbẹ́ mi pè ní igbe ìpáǹle.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ready to Die, tí Notorious B.I.G. gbé jáde ní oṣù September ọdún kan náà. Ìbí ọmọ ni àwo náà fi bẹ̀rẹ̀, ìpè tẹlifóònù òru àti ìró ìbọn tí ẹni náà fi pa ara rẹ̀ ni ó fi parí. Láàárín méjèèjì ni ebi, olè, àpọ́nlé, owó àti àìsùn wà. Àwo orin lásán kọ́ nìyẹn. Ìtàn ìgbésí ayé tó ní orí àti ìdí ni.

Wọ́n tún ní ìró rẹ̀ kò dán. Òótọ́ ni, kò dán. Ẹ gbọ́ àwo tí àwọn Wu-Tang Clan ti Staten Island gbé jáde ní oṣù November 1993: ìlù rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n lù nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, eruku àwo àtijọ́ ń dún nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú fíìmù ìjà àwọn ará Ṣáínà ń já lù ú, àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gíláàsì dán an, irọ́ ni yóò di. Àtẹ̀gùn ilé tí iná rẹ̀ ti kú kò ṣe é fi ohùn dídán ṣàpèjúwe. Mobb Deep, tí wọ́n fi The Infamous hàn ayé ní oṣù April 1995, mọ èyí dunjú. Prodigy, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, gbé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti ìgbà èwe títí tó fi kú ní oṣù June 2017. Ní 2000 ó fi odidi orin kan sọ ìrora náà. Àwa tí àrùn yìí kò ṣàjèjì sí ilé wa, bí a bá gbọ́ ohùn gbígbẹ tó fi ń pe ọ̀rọ̀, a kò ní béèrè ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín.

Mo dé orí ẹ̀sùn kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé, tó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 30 fún McKinley Phipps, akọrin ráàpù tí wọ́n ń pè ní Mac, lórí ikú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìbọn pa níbi àríyá ní 2000. Ẹlòmíràn jẹ́wọ́ pé òun ni òun yìnbọn náà. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba gbé ọ̀rọ̀ orin Mac wá síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ó gé ọ̀rọ̀ nínú orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó so wọ́n pọ̀, ó sì kà á sí wọn létí bí ẹni pé gbólóhùn kan ni. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà, bàbá rẹ̀ tó jagun ní Vietnam ló ń sọ nípa rẹ̀ nínú orin. Ó di ọdún 2021 kí gómìnà tó ṣíjú àánú wò ó, tó sì jáde. Ọdún 21 ni ó lò látìgbà tí wọ́n ti mú un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bá gé ewì méjì, tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó ní ewì kan ni, òdo ni n ó fún un. Nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ó di ẹ̀rí.

Ẹ má sọ pé ti àtijọ́ nìyẹn. Ní oṣù May 2022, ní Atlanta, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin Young Thug sínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ní oṣù November 2023 adájọ́ gbà kí wọ́n lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù October 2024, ó gbà pé òun jẹ̀bi àwọn ẹ̀sùn kan, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé lábẹ́ ìṣọ́ ọdún 15. N kò gbèjà ìwà ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá pa ènìyàn, kí wọ́n wá ìbọn, kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí, kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ. Orin kọ́ ni kí wọ́n wá. Ní 1955, Johnny Cash, aláwọ̀ funfun, fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́ lórin pé òun pa ọkùnrin kan láìnídìí, ó sì tún lọ kọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n gan-an ní Folsom ní 1968. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un. Kò sí ọlọ́pàá tó béèrè ibi tí òkú wà. Èmi àti ẹ̀yin mọ ohun tó fà á tí etí kan náà fi ń gbọ́ orin méjì lọ́nà méjì.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ló wà ní ìdí gbogbo rẹ̀: "mo". Ta ni "mo" tó wà lẹ́nu apohùn? Bí wọ́n bá fẹ́ mú ìyàwó lọ ilé ọkọ, tó ń sun ẹkún ìyàwó, tó ń ní òun kò fẹ́ fi ilé bàbá òun sílẹ̀, ta ló ti sáré lọ pe ọlọ́pàá rí pé wọ́n fẹ́ fi ipá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ? Bí eégún alárìnjó bá gbé agọ̀ Òyìnbó jáde, tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ta ló béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀? Oríkì Ògún àti ti àwọn jagunjagun Ìbàdàn kún fún ẹ̀jẹ̀ àti orí bíbẹ́. A kò tíì fi ẹ̀wọ̀n gbé onírárà. Agọ̀ ni "mo" jẹ́. Orúkọ tí àwọn akọrin wọ̀nyí ń jẹ́ lórí àwo, orúkọ eégún ni. Ẹni tó wọ agọ̀ ń fi ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀: ti ẹni tó kú, ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ti ọmọ ọdún 12 tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́.

Alátakò mi yóò ní, "Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń búra pé òótọ́ ni àwọn ń sọ, pé àwọn kì í parọ́ bí àwọn olórin yòókù." Ìyẹn ni ìbéèrè tó dára jù tí wọ́n lè bi mí, mo sì ní èsì rẹ̀. Ẹ rántí òpin àlọ́. Ẹni tó ti ń sọ fún wa láti alẹ́ pé Ìjàpá bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé igi rìn, ni yóò wá búra níkẹyìn pé bí òun bá parọ́, kí agogo ẹnu òun má ròó. Ìbúra náà wà lára àlọ́ ọ̀hún. Òótọ́ tí òǹsọ̀tàn ìgboro ń búra lé lórí ni pé bí ayé àdúgbò òun ti rí nìyí; kò túmọ̀ sí pé òun lòun ṣe gbogbo rẹ̀. Slick Rick tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìnbọn lu ènìyàn ní 1990, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ohun tó ṣe ni wọ́n dájọ́ fún. Wọn kò dájọ́ àlọ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìpínlẹ̀ California ti gbọ́n díẹ̀: òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù September 2022 ní kí adájọ́ kọ́kọ́ wọn ewu tó wà nínú lílo iṣẹ́ ọnà bí ẹ̀rí wò, kó tó gbà á.

Àwọn kan ní orin yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dáhùn. Ní 1988, N.W.A gbé Straight Outta Compton jáde láti ẹ̀gbẹ́ Los Angeles. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìwà ìkà kan ọlọ́pàá, pẹ̀lú èébú tí etí ọmọlúàbí kò fẹ́ gbọ́. Ní oṣù August 1989, FBI kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á láti fi ìbínú wọn hàn. Lẹ́tà kan náà kò sọ ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe ní Compton. Ní ọjọ́ 3 oṣù March 1991, ẹnìkan fi ẹ̀rọ fídíò ká bí ọlọ́pàá Los Angeles ṣe ń fi kóńdó lu Rodney King nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá náà láre ní ọjọ́ 29 oṣù April 1992, ìlú gbiná, ó lé ní 50 ènìyàn tó kú. Ṣé àwo orin ló lu Rodney King? Ẹni tó ké pé iná ń jó, ọdún mẹ́ta kí àwọn yòókù tó rí èéfín, òun ni wọ́n pè ní adánásunlé. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà ló wá fi àwo yìí sínú àkójọ ohùn tí wọ́n ń tọ́jú fún ìrandíran ní Library of Congress, nínú àwọn ti ọdún 2016; Illmatic tẹ̀lé e nínú àwọn ti 2020. Ní 2018, ọmọ Compton mìíràn, Kendrick Lamar, gba ẹ̀bùn Pulitzer fún àwo orin rẹ̀.

N kò ní fi ìbínú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí ń sọ sí obìnrin burú, n kò sì rí òwe tí n ó fi gbè é. Agọ̀ kò sọ èébú di oyin. Àwọn obìnrin inú iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, Queen Latifah fi "U.N.I.T.Y." dá wọn lóhùn ní 1993, ó sì fi gba ẹ̀bùn Grammy. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kò dúró sórí àwo: Dr. Dre ti N.W.A lu Dee Barnes, obìnrin akọ̀ròyìn, ní oṣù January 1991, ó sì di ọdún 2015 kó tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ rí i pé òfin mi kò yí padà: ìwà ni kí a gbé lọ sílé ẹjọ́. Orin, àríwísí ni kí a fi bá a jà, kí a sì bá a jà kíkankíkan.

Wọ́n tún lè sọ pé ìgbanilááyè tiwa ní ààlà. Ọjọ́ kan lọ́dún ni orin rírùn Òkè Ìbàdàn wà fún. Òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa mọ́. Àwo orin kò ní ọjọ́, kò ní òru, ọmọ kékeré ń gbọ́ ọ ní ọ̀sán gangan. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo fi gbà ní 1985 láti máa lẹ ìkìlọ̀ fún òbí mọ́ ọn. Ìwé pélébé náà kò tó, n ó sì sọ ohun tó kù: òbí àti olùkọ́ tó lè jókòó ti ọmọ, tó lè sọ fún un pé agọ̀ nìyí, ẹni nìyí. Ta ni yóò ṣe é, bí àwa tí ó jẹ́ iṣẹ́ wa bá ń rẹ́rìn-ín?

Mo gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ bá àwọn ọ̀rẹ́ tiwa náà wí. Àwọn kan ń gbèjà ráàpù nípa sísọ pé tiwa ni, pé ìjálá ló wọ ọkọ̀ ojú omi tó di ráàpù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates fi Èṣù ṣe orísun àlàyé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1988; ní 1990, òun kan náà lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní Florida fún àwọn 2 Live Crew, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Bàbá Nas, tó fun fèrè sínú Illmatic, Olu Dara ni orúkọ tó sọ ara rẹ̀, orúkọ Yorùbá tí ọmọ Mississippi fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n àyàn ni, kì í ṣe ogún tí a lè lọ gbà lọ́wọ́ wọn. Kò di ìgbà tí a bá pe ọmọ ẹlòmíràn ní ọmọ wa kí a tó dá a láre. Èyí tó jẹ́ tiwa ní tòótọ́, ṣé a tilẹ̀ kà á sí? Dagrin fi Yorùbá ìgboro Èkó gbé C.E.O. jáde ní 2009, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù April 2010 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Ó mọ èdè wa lò, ó mọ ọ̀rọ̀ dá lárà, àwọn ọ̀dọ́ sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Mélòó nínú wa ló jókòó gbọ́ ọ kó tó kú?

Àwọn baba wa ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Kì í ṣe pé ọ̀kọrin kò lè ṣẹ̀, tàbí pé orin rẹ̀ máa ń dùn mọ́ ọba nínú. Wọ́n sọ ọ́ nítorí pé ọba tó bá pa ọ̀kọrin ti di etí ara rẹ̀; ohun tí ìlú ń sọ lẹ́yìn kò ní dé ààfin mọ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi òkò sọ ọ́. Ilé ẹjọ́ tó ń fi orin sọ ọmọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ń di etí ara rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ẹ̀rín lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde ń ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín kò wúwo tó ẹ̀wọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Àkọlé tí ẹnìkan kò lòdì sí ló fi gboyè. Bí ó bá ka ìwé yìí, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà lọ́jọ́ náà, pé èmi tó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni mo dákẹ́. Bí ẹlòmíràn bá sì tún gbé àkọlé náà wá, n ó dìde dúró kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.